Àwọn Ìgò Tí Fàwàsíyà Fọ̀

Bí ẹ bá wọ Anoumabo láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí ẹ béèrè Fàwàsíyà, wọ́n á ní Fàwàsíyà wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Onígò, ajá tó sùn sójú ọ̀nà gan-an á dìde mú yín débẹ̀. Èmi Bùkọ́lá aránṣọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ ni mo gbé fún ọdún mẹ́wàá, ariwo ìgò ló sì ń jí mi láràárọ̀. Mo ti bínú sí ariwo náà títí, mo ti fi maṣíìnì mi dá a lóhùn, pàbó ló já sí. Obìnrin náà kì í gbọ́ ohun tí kò bá wù ú láti gbọ́.

Ọmọ Ìgbòho ni. Ọdún 1999 ni ọkọ rẹ̀ mú un wá sí Abidjan, níbi tí ọkọ ti ń ta abọ́ ní ọjà Marcory. Ní 2003, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa ọkọ náà. Àwọn ẹbí ọkọ kó abọ́ tó kù, wọ́n sì ní kí ó múra kó máa bá àwọn lọ sílé, àwọn á wá ọkọ mìíràn fún un láàárín ẹbí. Fàwàsíyà fi àáké kọ́rí. Ó ní ọmọ òun, Sidikatou, ti wọ iléèwé, òun ò sì ní fà á jáde níbẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni yóò máa jẹ. Ní ọjọ́ kejì ó mú àpò ìrẹsì kan, ó gba ẹ̀yìn màkí lọ, ìyẹn àwọn ilé oúnjẹ gbangba tí àwọn èèyàn ti ń mutí, ó sì ṣa ìgò ọtí mọ́kànlá láti inú gọ́tà. Àwọn ẹbí ọkọ wò ó, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹni tí kò bá gbé Abidjan rí lè máa rò ó pé kí lèèyàn fẹ́ fi òfìfo ìgò ọtí ṣe. Inú ìgò ni ohun gbogbo ń gbé níbẹ̀: epo pupa, òróró ẹ̀pà, oyin, àgbo, omi atalẹ̀ tí àwọn obìnrin ń tà fún ọmọ iléèwé, títí dé kẹrosíìnì. Àwọn tó ń ta ìgò kí Fàwàsíyà tó dé, omi tútù ni wọ́n ń dà sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mì í, ó parí. Èmi fúnra mi ti mu omi atalẹ̀ tó ń rùn bí àtùpà. Mo mu ún tán nítorí mo ti sanwó, ṣùgbọ́n mo bú ẹni tó tà á dé ìdí.

Ti Fàwàsíyà yàtọ̀. Omi gbígbóná ló fi ń fọ ìgò, pẹ̀lú omi eérú àti ẹ̀kún ọwọ́ kan òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣà létí ọ̀sà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè, òkúta wẹ́wẹ́ ló rí ìgò wọ̀. Á mì í títí apá á fi ro ó, á ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, á dojú rẹ̀ dé kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Á dí ìgò náà lẹ́nu, á tẹ́ ẹ sínú oòrùn di ọ̀sán gangan, á wá ṣí i, á fi imú sí i. Ó ní ìgò tí ara rẹ̀ tutù lè purọ́, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, á jẹ́wọ́ ohun tó gbé rí. Bí ó bá ti gbọ́ ẹjọ́ ìgò tán, á so òwú mọ́ ọn lọ́rùn. Òwú funfun, ohun mímu nìkan ni ìgò yìí gbé rí. Òwú pupa, ó ti gbé epo. Òwú dúdú, ó ti gbé kẹrosíìnì tàbí oògùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gbé ohun tí ń wọ ẹnu. Gbogbo obìnrin Anoumabo ló mọ òwú Fàwàsíyà, kò sì sí ẹni tó fi kẹrosíìnì mu atalẹ̀ mọ́.

Láàárín agboolé wa ni ẹ̀rọ omi wà. Àwọn ará Ìgbòho àti Ṣakí ló pawọ́ pọ̀ fa omi náà wọlé, Àlàájì Karim tó ń ta aṣọ, ẹni ọgọ́ta ọdún, sì ni olórí wọn. Níbẹ̀ làwọn ọkùnrin ti ń ṣe àlùwàlá, níbẹ̀ làwọn obìnrin ti ń pọnmi. Láti ìgbà tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán títí oòrùn á fi gòkè, Fàwàsíyà ló ni ín. Ẹ fi ẹ̀rọ omi yìí sọ́kàn. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún sí ìgò, kò sí iléèwé Sidikatou, ọ̀nà Ìgbòho ló kù.

Ọdún 2006 ni Henriette wá bá a. Ará Korhogo ni Henriette, apọntí ni. Ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní ṣápàlò ló ń pọn ní àgbàlá kan nísàlẹ̀ Anoumabo, inú igbá ló sì ń bù ú sí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Faransé ni òun àti Fàwàsíyà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Jùlá, èdè ọjà ibẹ̀, tí wọ́n ń lú mọ́ ọn. Èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá fún yín.

"I ni sogoma, Tantie," ó kí i. "Màkí kan wà ní Riviera tó fẹ́ máa gba ṣápàlò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n. Wọn ò fẹ́ fi igbá mu ún. Bouteille, ìgò gidi, ni wọ́n ní kí n máa gbé wá."

Ojú Fàwàsíyà tàn. Ó ní kí Henriette fi òun sílẹ̀, òun á ṣa èyí tó dára jù fún un. Ìgò ọtí líle tó mọ́ gaara bí omi, ló ṣà, ogójì. Ó wá kọ́ọ̀kì tó bá ẹnu wọn mu, nígbà tí Henriette sì rọ ọtí rẹ̀ sí i kún dẹ́nu, Fàwàsíyà fún un ní òòlù pé kó gbá kọ́ọ̀kì náà wọlé dáadáa kí ọtí má bàa dà lọ́nà. Wọ́n kó wọn sínú àtíbàbà Henriette láti dúró de ọkọ̀ ọjọ́ kejì.

Kò pé ọ̀sán ọjọ́ kejì tí ìgò àkọ́kọ́ fọ́. Ìkejì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni a ò lè kà á mọ́. Ogun ò tíì tán nílẹ̀ náà nígbà yẹn, kì í ṣe ìgbà tí ará Abidjan á gbọ́ "gbòó" kó má dọ̀bálẹ̀. Èmi wà lábẹ́ maṣíìnì mi pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lórí, mò ń pe orúkọ Jésù. Nígbà tí ẹnu ìgò dákẹ́, tí a jáde síta, a rí Henriette tó dúró nínú ọtí tó kan kókósẹ̀, ó gbá orí mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Fàwàsíyà bojú wo inú àtíbàbà náà fún ìgbà pípẹ́. "Kí ló wà nínú ọtí yìí?" ó béèrè.

"Tantie, ó ṣì wà láàyè," Henriette dáhùn. "Ó ń hó lọ́wọ́. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Níbo ni yóò ti mọ̀? Obìnrin tí ọtí ò kan ètè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí ìgò tirẹ̀ ló fọ́. Ó ní òun ò ní ta ìgò kankan mọ́ títí òun á fi mọ ohun tí ọtí ń ṣe nínú ìgò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wádìí rẹ̀. Henriette á rọ ọtí sí oríṣi ìgò mẹ́rin, òun á gbé wọn sílẹ̀ lábẹ́ báàfù irin tó dojú dé, á fi àpò tó tutù bo báàfù náà, á sì jókòó tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á máa fetí sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́, á ṣí i, á wo èyí tó fọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ní ìgò bíà tó ní àwọ̀ ilẹ̀ nìkan ló lágbára tó, nítorí ohun tó ń hó ló ti gbé tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n fi àlàfo ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Kí wọ́n má gbá kọ́ọ̀kì wọlé, kí wọ́n kàn gbé e lé e, kí wọ́n fi okùn so ó kó lè máa mí, kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ọjọ́ kẹta. Bó ṣe wí náà ló rí. Ìgò ṣápàlò dé Riviera, kò fọ́, wọ́n mu ún, wọ́n tún ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí kò mọ bí ọtí ṣe rí lẹ́nu ló kọ́ ọlọ́tí bí a ṣe ń rọ ọtí sígò. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ṣá. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀sìn yín gba irú èyí?"

Ó ní, "Ìgò ni mò ń tà, Bùkọ́lá. Mi ò pọn ọtí, mi ò rọ ọ́, mi ò mu ún." Ṣùgbọ́n kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bá a sùn kí n tó béèrè.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgò tí Henriette ń kó ju ìdajì gbogbo ìgò tí Fàwàsíyà ń fọ̀ lọ. Ní 2008 ni wàhálà dé.

Alfa Sùlè ló ń kéwú fún agboolé wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ga. Òun ló ń ṣe hàntú fún àwọn aláìsàn: á kọ Kùránì sórí wàláà pẹ̀lú tàdáà, á fi omi fọ̀ ọ́, á bu oyin sí i, á rọ ọ́ sígò fún ẹni tó fẹ́ mu ún. Ọ̀dọ̀ Fàwàsíyà ló ti ń ra ìgò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba hàntú kì í dá ìgò padà, èyí sì ń sú u. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún náà, ó fi ọ̀dà funfun ya àwòrán oṣù kékeré kan sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì kéde ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ pé ìgò tó bá ní oṣù, ti òun ni, kí wọ́n dá a padà. Gbogbo èèyàn gbọ́. Fàwàsíyà nìkan ni kò gbọ́, nítorí ọ̀sán Jímọ́ọ̀, ilé ló ti ń kírun kó lè gbóòórùn ìgò rẹ̀ nígbà tí ara wọn gbóná.

Àwọn tó gbọ́ náà, ṣé wọ́n dá ìgò padà? Rárá o. Bí wọ́n bá mu hàntú tán, wọ́n á jù ú mọ́ ìgò yòókù nílé, bí àpò bá sì kún wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ń ra ìgò. Ta ló ń ra ìgò ní Anoumabo? Fàwàsíyà rí oṣù funfun náà dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo màkí Abidjan ló ń fi ọ̀dà sàmì sí ìgò tirẹ̀ kí wọ́n má bàa jí i. Òmíràn ya ìràwọ̀, òmíràn ya ẹja. Ó rò pé màkí tuntun kan ló ń lo oṣù. Ó fi imú sí i, ó gbóòórùn oyin, ó so òwú funfun mọ́ ọn, ó kó o fún Henriette.

Àlàájì Karim ló rí i. Ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Riviera, oníbàárà náà sì ní kó wá bá òun ní màkí tí òun ti ń jẹun. Lórí tábìlì, láàárín ẹja yíyan àti àkẹ́kẹ̀, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìgò ṣápàlò kan dúró, oṣù Alfa Sùlè sì ń wo Àlàájì lójú. Ó bẹ oníbàárà pé kó fún òun ní ìgò náà bí ó bá ti tán. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi sábẹ́ agbádá, ó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan gbé, nítorí bí ẹnì kan bá rí Àlàájì pẹ̀lú ìgò ọtí, ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó pe gbogbo agboolé jọ síwájú ẹ̀rọ omi. Ó tú ìwé ìròyìn.

"Ìyá Sidikatou, ìgò ta nìyí?"

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà," Fàwàsíyà dáhùn.

"Àmì kí ló wà lára rẹ̀?"

"Àmì màkí ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ikọ́ bò ó. Àlàájì Karim ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹni tó ni oṣù náà fún un. Fàwàsíyà kúnlẹ̀ níwájú Alfa Sùlè lórí ilẹ̀ tútù náà, ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò mọ̀. Bí mo bá mọ̀ ni, ẹ mọ̀ pé mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀." Alfa ní kó dìde.

Ṣùgbọ́n Àlàájì ò tíì parí ọ̀rọ̀. "Ohun tó fà á ni mò ń wò," ó ní. "Bí o ò bá máa fọ ìgò fún ọlọ́tí, ṣé èyí á ṣẹlẹ̀? Haraamu ni ọtí, ẹni tó pọn ọ́n àti ẹni tó gbé e, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí à ń ṣe àlùwàlá lo sì ti ń fọ ìgò wọn. Di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, bí o ò bá jáwọ́ nínú ìgò apọntí yẹn, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi yìí mọ́."

"Mo ti gbọ́, sà," Fàwàsíyà ní. "Ẹ fún mi di Jímọ́ọ̀."

Ó sunkún ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ní àárọ̀ Monday, òun àti Henriette wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Riviera. Ó sọ fún onímàkí pé ìgò kan ti ṣìnà wá síbẹ̀, òun sì fẹ́ mú un padà. Ó tú gbogbo kéèsì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ilé ìdáná, láàárín eṣinṣin. Ìgò olóṣù mẹ́rìnlá ló rí. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti fọ́ sínú ààtàn, ó ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú ìborí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló fọ̀ lẹ́ẹ̀meje kí ó tó gbé e lọ fún Alfa Sùlè, ó sì fi àfọ́kù náà lé e lórí nínú aṣọ.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo gbà á nímọ̀ràn bí ọ̀rẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti jáwọ́. Henriette á máa rán èèyàn wá kó ìgò lẹ́yìn ilé. Ta ló máa mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí i lójú. "Bùkọ́lá, ṣé olè ni mí ni? Ìgò tí mo fi imú mi jẹ́rìí sí, ẹ̀yìn ilé ni kó máa gbà jáde?"

"Ẹ jáwọ́ nígbà náà."

"Kí n jáwọ́ kí n padà sí Ìgbòho lọ fẹ́ àbúrò ọkọ mi?" Ó gbé ìgò kan sókè, ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. "Wo èyí. Ibo ló ń lọ? Ọ̀dọ̀ olóyin ni àbí ọ̀dọ̀ apọntí? Sọ fún mi." Mi ò mọ̀. "Èmi náà ò mọ̀," ó ní, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Thursday, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú agboolé, ó ń yá ìgò. Ìgò òróró lọ́wọ́ ẹni yìí, ìgò omi atalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún. Ìyàwó Àlàájì Karim yá a ní ìgò oyin láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó yá méjì nínú ìgò hàntú lọ́wọ́ Alfa Sùlè fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, gbogbo ìgò náà ti wà lórí ìlà kan lórí sìmẹ́ńtì, níwájú ẹ̀rọ omi.

"Bùkọ́lá, o mọ̀wé," ó pè mí. "Ka ohun tó wà ní èjìká ìgò wọ̀nyí fún wa."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà wà lára gíláàsì náà, tí wọ́n rọ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́, tí omi ò lè fọ̀ kúrò. Mo ka ti òróró: orúkọ ilé-iṣẹ́ bíà. Mo ka ti atalẹ̀: òun náà ni. Mo ka ti oyin Àlàájì: òun náà. Mo ka méjèèjì ti Alfa, ohùn mi sì ti ń lọ sílẹ̀, nítorí oṣù funfun wà nísàlẹ̀, orúkọ ọtí wà lókè.

"Kò sí ìgò kan nínú agboolé yìí tí ọtí ò kọ́kọ́ wọ̀," Fàwàsíyà ní. Kò pariwo. "Látinú gọ́tà màkí ni mo ti ṣà wọ́n, níbí ni mo ti fọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ ọlọ́tí bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ò sọ pé kí omi ẹ̀rọ yìí má kàn wọ́n. Ẹ̀bi oṣù, èmi ni mo jẹ ẹ́, mo sì ti bẹ̀bẹ̀. Èyí, mi ò mọ ẹ̀bi tí mo jẹ."

Alfa Sùlè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú ìgò rẹ̀, ó fi imú sí i.

"Ọdún márùn-ún ni mo ti ń fi ìgò rẹ gbé hàntú fún aláìsàn," ó ní. "Kò sí èyí tó rùn rí. Mo jẹ́rìí sí ìyẹn níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n pé kó o máa fọ ìgò fún ọlọ́tí, mi ò lè sọ fún ọ pé ó dára. Mi ò ní purọ́ fún ọ nítorí pé mo mọ rírì rẹ."

Fàwàsíyà tẹ orí ba. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti Àlàájì lọ, mo rí i lójú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ inú ni Alfa fi sọ ọ́. Àlàájì Karim tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ojú ti tì í díẹ̀, ó sì fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà bí àgbà.

"Ó dáa," ó ní. "Máa fọ ìgò oyin àti ti òróró níbí. Èyí tó bá jẹ́ ti ọlọ́tí, lọ máa fọ̀ ọ́ níbòmíì."

Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Mo rò pé á dúpẹ́.

"Ẹ ṣé, Àlàájì," Fàwàsíyà ní. "Ṣùgbọ́n ìgò tó dọ̀tí kì í sọ ibi tó ń lọ fún mi. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, tí ẹni kan wá rà á, ìgbà yẹn ni mò ń mọ̀. Bí mo bá gbà fún yín lónìí, irọ́ ni màá máa pa fún yín lójoojúmọ́ nídìí ẹ̀rọ omi tí ẹ ti ń ṣe àlùwàlá. Bí mi ò bá lè fọ gbogbo rẹ̀ níbí, mi ò ní fọ ọ̀kankan."

Kò dúró de èsì. Ó dá ìgò onígò padà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó báàfù, òkúta wẹ́wẹ́, àpò eérú àti ìdì òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ọmọlanke. Èmi àti Sidikatou bá a tì í lọ sí àgbàlá Henriette nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀ náà, omi rẹ̀ kàn ń sun bí ẹni tó ń rò ó ni. Fàwàsíyà gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ń dúró de omi. Yàrá rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ariwo ìgò ò jí mi mọ́, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màá ṣàárò rẹ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀ ni pé agboolé wa nílò ìgò. Àwọn obìnrin gbìyànjú ìgò àwọn tó ń fi omi tútù fọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Òróró wọn rùn, wọ́n dà á nù. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí àgbàlá apọntí, pẹ̀lú ìborí tí wọ́n fà dé imú, wọ́n á yà gba ẹ̀gbẹ́ kòkò ọtí tó ń hó, wọ́n á ra ìgò mẹ́ta, wọ́n á sáré padà. Ìyàwó Àlàájì Karim wà lára wọn. Mo kí i lójú ọ̀nà, ó ṣe bíi pé kò rí mi.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, Alfa Sùlè wá ra òwú lọ́wọ́ mi, odindi ìdì òwú aláwọ̀ ewé. Mo bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló gbà, mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé àṣejù ni, ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó. Ó dúró lẹ́nu géètì Henriette nínú jalamíà funfun rẹ̀, kò wọlé, àwọn amutí sì gbé igbá sílẹ̀ nítorí wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Fàwàsíyà sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó ń kán omi, ó kúnlẹ̀.

"Òwú mẹ́ta lo ní," Alfa sọ fún un. "Mo mú ìkẹrin wá. Ìgò tí o bá so òwú yìí mọ́ lọ́rùn fún mi, tèmi ni, má jẹ́ kó lọ sí ibòmíràn. Màá pa oṣù yẹn rẹ́. Ó dà bí àmì màkí lóòótọ́."

Fàwàsíyà fi ọwọ́ méjèèjì gba òwú náà. Ó wọlé, ó gbé e ti ìdì òwú mẹ́ta yòókù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Àlàájì Karim náà wá. Òun náà dúró lẹ́nu géètì, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn kòkò ọtí.

"Ìyá Sidikatou," ó ní, "ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀ o. Máa bọ̀ nílé."

"Ìgò Henriette ńkọ́, sà?"

Àlàájì wo ilẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ ni mo ní kó o máa kó bọ̀."

Mo wo Fàwàsíyà. Mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn ún láti ìgbà tó ti ń dúró de omi tí kò yára sun yẹn. Ó wo báàfù rẹ̀, ó wo Henriette tó ń ro ọkà rẹ̀ lókè kòkò, tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ ṣé gan-an, Àlàájì. Inú mi dùn pé ẹ pè mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mi ò níbi tí mo lè lọ, ibí ni wọ́n ti gbà mí. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣe é níbí."

Àlàájì mi orí. Kò bínú. Ó fẹ́ máa lọ, ó tún dúró, ó fa nǹkan kan tí ó fi ìwé ìròyìn wé jáde lábẹ́ agbádá. Òfìfo ìgò oyin ilé rẹ̀ ni. Fàwàsíyà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú ìwé ìròyìn náà, ó fi imú sí i, ó jókòó ti báàfù rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́.